Táyà Mẹ́rin Tí Mo Gbà Padà

Bodè tí wọ́n tì pa ni mo bá nílẹ̀ nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yíyẹ ọkọ̀ wò ní Ìlaró. Bodè tí wọ́n tún tì pa ni mo fi sílẹ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Ọdún márùndínlógójì ló wà láàárín ìtìpa méjèèjì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí àwa àgbà máa kọ ìtàn iṣẹ́ wa fún ìwé yín, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ẹ ó yàn láàyò. Tóyìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ń bá yín tẹ ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà, ló wá bá mi nílé. Ó ní, "Dádì, ta ló mọ ọkọ̀ jù yín lọ ní gbogbo Yewa? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ o. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́."

Gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n tètè kọ ọ́. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ mi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, tí ojú fi máa ń tì mí bí mo bá rí Tóyìn lọ́ọ̀ọ́kán. Bí mo bá yọ ọ́ sẹ́yìn, ìtàn yòókù á dùn, ẹ ó sì pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n irọ́ ni ẹ ó máa pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A ó débẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ń wá ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dé. Ó tán.

Ọ̀gá tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni ìtàn wà lára rẹ̀. Bàbá Oníhámà ni gbogbo Ìlaró ń pè é. Hámà kékeré kan, tí èkù rẹ̀ jẹ́ igi ìrókò, máa ń wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ bí àwọn akọ̀wé ṣe ń fi pẹ́ẹ̀nì sápò. Bó bá fi í kan nọ́ọ̀tì tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, á dẹ etí sí i. Nọ́ọ̀tì tó le á dún "kẹn". Èyí tó ti tú díẹ̀ á dún "pọ̀", bí ìkòkò tó sán. Ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó kan nọ́ọ̀tì ogún láìbẹ̀rẹ̀ wò ó, kó sì sọ pé, "Ìkẹta lẹ́sẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn. Ẹ lọ mú un le."

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n di pẹ́ẹ̀nì mú. Ẹní ni mo ń tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀. Mo á sùn gbalaja lórí rẹ̀, mo á máa fi ọwọ́ tẹ rọ́bà búréèkì wò bóyá ó ti rọ̀ tàbí ó ti gbẹ, mo á mi irin tó gbá ẹsẹ̀ iwájú pọ̀ wò bóyá ó ti tú díẹ̀. Bí mo bá jáde, á bi mí pé, "Báwo lọ̀hún?"

"Ó dára, sà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo rí i, sà."

"O rí i? Ṣé ojú rẹ ni wọ́n fi ń di búréèkì mú ni? Padà sábẹ́ ẹ̀!"

Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ohun tí ọwọ́ rẹ kò bá kàn, o kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú rẹ rí i. Lọ́jọ́ kan, mo kọ ọ́ pé fèrè ọkọ̀ kan dún, nítorí mo ti gbọ́ ọ nígbà tí ọkọ̀ náà ń wọlé. Ó fa ìwé náà ya lójú onímọ́tò, ó ní kí n lọ jókòó sínú ọkọ̀ náà, kí n tẹ fèrè nígbà àádọ́ta, kí n máa kà á sókè. Àwọn tó ń ra ọsàn lójú títì ń bá mi kà á. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, mo sì rò pé ìtìjú nìyẹn. N kò tíì mọ ìtìjú.

Òfin ìyẹ̀wò yé mi ju orúkọ mi lọ. Ọkọ̀ akérò, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ọkọ̀ ilé, ìyẹn èyí tí ẹnìkan fi ń gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa bá wa jà lórí ti ọkọ̀ ilé yìí. Wọ́n á ní, "Èmi ni mo ni ín, ìdílé mi ni mo fi ń gbé, kí ló kàn yín?" Bàbá Oníhámà á ní, "Ìdílé yín náà ló kàn wá. Ẹni tó wọ ọkọ̀ akérò lè yarí pé òun ń sọ̀kalẹ̀. Ọmọ yín ò lè sọ fún yín pé kí ẹ dúró kóun bọ́ sílẹ̀."

Àkókò ìtìpa bodè àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, ẹ gbọ́: àwa ará Yewa, Kútọnu ni ilé ìtajà wa. Táyà àlòkù, bátìrì, rọ́bà búréèkì, gbogbo rẹ̀ ń gba Ìdìrókò àti àwọn ọ̀nà inú oko tó wà lẹ́bàá Ìjoun wọlé. Nígbà tí wọ́n ti bodè, táyà wọ́n bí ojú. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé táyà tó ti pá lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, òun á fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ìlà sí i lójú, á sì dà bíi tuntun. Ọ̀gá mi kọ́ mi bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n. Mú igi ìṣáná, ti orí rẹ̀ bọ inú ìlà táyà. Bí orí pupa rẹ̀ bá wọlé tán, táyà ṣì lẹ́mìí. Lẹ́yìn náà, fi èékánná ra inú ìlà náà: tí ilé iṣẹ́ bá ṣe é, á jọ̀lọ̀, tí ọ̀bẹ bá gbẹ́ ẹ, á máa ha ọ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ la dá padà lọ́dún náà. Àlàájì kan láti Ayétòrò, tó ń ta kòkó, gbé Pijó tó fi ń kó àwọn ìyàwó rẹ̀ wá, Bàbá Oníhámà sì wo táyà rẹ̀ ó ní kò lè kọjá. Inú bí Àlàájì.

"Bàbá Oníhámà, ṣé ìwọ lo ti bodè ni?"

"Èmi kọ́, Àlàájì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bodè ò bá táyà yín sọ ọ́ pé kó má bẹ́."

"Ìjàpá tìrẹ ńkọ́? Ṣé táyà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ tiẹ̀?"

Ìjàpá ni a ń pe ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí ọ̀gá mi ń wà. Bàbá Oníhámà rìn lọ síbi tí ó gbé e sí, ó tẹ́ ẹní fúnra rẹ̀, ó wọ abẹ́ ẹ̀, ó kan nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó ti igi ìṣáná bọ táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gba ìwé, ó kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà kò yẹ lójú títì. Ó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ náà, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn wá síbi iṣẹ́ títí wọ́n fi ṣí bodè. Ìyàwó rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wa pé, "Ẹ bá mi wo ọkọ mi o, ó mú ara ẹ̀, ó dá ara ẹ̀ lẹ́jọ́, ó sì ti ara ẹ̀ mọ́lé!" Àlàájì náà kò bú u mọ́. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo fi ojú mi rí ọ̀bẹ tó gbẹ́ ẹ.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fún mi ní hámà náà. Kò sọ ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní, "Má jẹ́ kó dún láti fi tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn."

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn débi pé ìyàwó mi, Ìyá Báyọ̀, máa ń ní ọkọ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí n tó fẹ́ òun. Ohun tí ẹnìkan ò kọ́ mi, mo kọ́ ara mi. Nígbà tí bodè ṣí, mo ra ìwé àtúnṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi Faransé kọ ní Kútọnu, mo sì fi ìwé atúmọ̀ èdè kà á láti orí dé ìparí fún ọdún kan àbọ̀. Mo mọ ìwọ̀n táyà gbogbo ọkọ̀ ilé tó wọ́pọ̀ ní agbègbè wa lórí. Mo mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ orí táyà: lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí àwọn lẹ́tà kéékèèké, nọ́mbà mẹ́rin ló sì kẹ́yìn wọn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà a máa darúgbó bí èèyàn, bí kò tilẹ̀ rìn. Rọ́bà rẹ̀ á gbẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ìlà ojú rẹ̀ lè jìn dáadáa, kó sì jẹ́ pé ikú ló wà nínú rẹ̀. Lákòókò náà, bóyá ni èèyàn mẹ́ta fi mọ ìyẹn ní gbogbo Ìlaró. Mo fi ń yangàn.

Irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ dé tí ọkọ̀ ń gùn lé lórí, tí irin róbótó méjì á máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà á sì sọ bóyá búréèkì ọ̀tún ń fà ju ti òsì lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan bínú sí i. Èmi yọ̀ bí ọmọdé. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ àti hámà yẹ ọkọ̀ wò, mo á sọ ohun tí ẹ̀rọ máa sọ, ẹ̀rọ á sì wá sọ ọ́. Àwọn onímọ́tò á hó yèè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ táyà. Táyà ṣì wà lọ́wọ́ èmi tí mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó ku bí oṣù mélòó kan kí n fẹ̀yìn tì ni wọ́n tún ti bodè pa, ìtìpa ti ìkẹyìn yìí tí gbogbo yín rántí. Ìrẹsì di ọ̀wọ́n, wọ́n ti ilé epo tó sún mọ́ bodè. Ojú ọ̀nà láti Ajílẹ́tẹ̀ dé Ayétòrò kún fún sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù, igi dábùú ọ̀nà ní gbogbo ibi tí ojú bá tó, wọ́n sì ń béèrè ìwé. Ọkọ̀ tí ìwé ìyẹ̀wò rẹ̀ bá ti kú, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ṣe ya bo ọ́fíìsì wa lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú táyà tó ti pá.

Nígbà náà ni àṣà kan bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní táyà àlejò. Wàídì, fọkanáísà tó wà nítòsí ọ́fíìsì wa, ní táyà rere mẹ́rin kan. Ẹni tó bá ń bọ̀ fún ìyẹ̀wò á yà lọ́dọ̀ rẹ̀, á wọ táyà mẹ́rin náà, á kọjá, á gba ìwé, á sì bọ́ wọn padà fún Wàídì kó tó lọ sílé. Àlejò tí kì í sùn. Ọkọ̀ kejì tó gbé wọn wá ni mo ti dá wọn mọ̀, nítorí mo ka nọ́mbà wọn, ọ̀kan sì ní àpá bí oṣù tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo lé ọkọ̀ mẹ́ta padà. Mo lọ bá Wàídì.

"Wàídì, o fẹ́ pa àwọn èèyàn."

"Ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n má lówó táyà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí níbikíbi."

"Bí n bá tún rí wọn, mo á ní kí wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ."

"Ó ti tán, Ọ̀gá. Àlejò ti lọ sílé."

Gbogbo ìlú gbọ́. Wọ́n ní Bàbá Oníhámà ti jí dìde. Orí mi wú.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, bàbá Tóyìn, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ajílẹ́tẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ní Kámírì kan, irú tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní onípẹ́ńsù nítorí iná ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù. Èmi náà ní irú rẹ̀ gan-an. Ìwé ìyẹ̀wò tirẹ̀ ti kú. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì ìta ilé mi.

"Àna," ó ní, "lóòtọ́ ni pé o kì í gbójú fo nǹkan. N kò sì wá ní kí o gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni sójà ti dá mi padà lọ́sẹ̀ yìí. Tóyìn rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé kan ní Ayétòrò. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó máa rí gbà nìyẹn. Sátidé yìí ló gbọ́dọ̀ kó o débẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà rẹ̀. Ìlà rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n ó ha èékánná mi: ọ̀bẹ ló gbẹ́ ẹ. Mo ka nọ́mbà táyà iwájú ọ̀tún: 2608. Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ọdún 2008. Táyà náà ti lé ní ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́. Mo mọ ohun tí mo rí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi.

Ìyá Báyọ̀ jáde, ó gbé omi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wò mí. Ojú yẹn tó ọ̀rọ̀. Báwo ni n ó ṣe sọ fún àna mi pé kó padà sílé? Bẹ́ẹ̀ ni mo dá ọgbọ́n. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tèmi kò tíì ju ọdún kan lọ, mo rà wọ́n ṣáájú ìtìpa bodè, ìwọ̀n wọn sì bá ti Ẹ̀gbọ́n mu rẹ́gí. Tèmi kì í ṣe ti Wàídì. Mo sọ fún ara mi pé tèmi kì í ṣe àlejò.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Wàídì pààrọ̀ wọn fún wa lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń tú nọ́ọ̀tì.

"Ọ̀gá, àwọn tí ẹ lé lọ́jọ́sí, táyà àlejò ni tiwọn. Kí la ó máa pe èyí?"

"Pè é ní táyà àna," mo dáhùn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run, mo rẹ́rìn-ín.

Mo yẹ ọkọ̀ náà wò bó ti yẹ. Mo wọ abẹ́ ẹ̀. Mo ti igi ìṣáná bọ ìlà táyà ara mi. Mo fi hámà ọ̀gá mi kan nọ́ọ̀tì, wọ́n dún "kẹn, kẹn, kẹn" bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ohun kan tí mo kọ sílẹ̀ tí ọwọ́ mi kò kàn. Ẹ̀rọ sọ pé búréèkì dára, ó sì dára. Ẹ̀rọ kò purọ́. Èmi ni mo gbé irọ́ gun orí rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, a padà sọ́dọ̀ Wàídì kí n gba táyà mi. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ lé ọ̀kan nínú wọn, ó ní, "Àna, ṣé n kò lè lò wọ́n títí di Sátidé? Bí mo bá ti Ayétòrò dé, mo á gbé wọn wá fún ọ."

Ọkọ̀ tèmi kì í lọ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ibi kankan tí mo ń lọ ní Sátidé náà. Ṣùgbọ́n mo ronú nípa kòtò ọ̀nà Ayétòrò, mo ronú pé bodè tì, pé bí nǹkan kan bá ṣe táyà mi, ibo ni n ó ti rí òmíràn? Mo sì dáhùn pé:

"Ẹ̀gbọ́n, tiyín á gbé yín débẹ̀. Ẹ ṣáà má sáré."

"Ṣé kò léwu?"

"Kò léwu."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí táyà náà. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Mo gba táyà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú, wọ́n pè mí. Ẹ̀gbọ́n àti Tóyìn ti kọjá Ìlaró, wọ́n ti fi ìwé tí mo fọwọ́ sí han sójà níbi mẹ́rin, àwọn sójà sì ti jẹ́ kí wọ́n kọjá. Táyà iwájú ọ̀tún ló bẹ́. Ọkọ̀ náà yà sínú oko ẹ̀gẹ́, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀. Tóyìn ló jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ó ti sọ gíláàsì sílẹ̀ nítorí ooru, ó sì gbé apá ọ̀tún lé ojú fèrèsé. Apá náà ni ọkọ̀ dùbúlẹ̀ lé. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti gbé wọn lọ sí ọsibítù. Yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé wà káàkiri orí ewé ẹ̀gẹ́ bí ẹni tó sá aṣọ, ìyá àgbà tó loko sì ń ṣa wọ́n jọ níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mọ̀ pé àwa tí a ń yẹ ọkọ̀ wò la máa ń kọ ìdí ìjàǹbá sílẹ̀. Agbègbè wa ni. Èmi ni ọ̀gá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà tó ya náà, mo tún rí nọ́mbà mẹ́rin yẹn. Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ pé: "Ọkọ̀ kó sí kòtò, táyà bẹ́." Kòtò kan wà lóòótọ́ lẹ́yìn ibẹ̀. Ó jìnnà síbi tí táyà ti bẹ́ ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ.

Ní ọsibítù, Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì di àyà rẹ̀. Ó ní, "Àna, ṣé táyà ni?"

"Kòtò ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Ó kọjú sí ògiri. Kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tó fi sùn nínú Olúwa lọ́dún kẹta lẹ́yìn náà.

Àwọn dókítà kò gé ọwọ́ Tóyìn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́, kò lè di sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ mú. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọ́kọ́ padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó dìde láti jẹ́rìí, gbogbo ìjọ gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Dádì mi Ìlaró. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò dáadáa, Sátidé ni a ṣubú. Ká ní wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò ni, gbogbo wa ì bá ti kú." Ìjọ ké halelúyà. Àwọn èèyàn yí padà, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo dìde, mo sì tẹrí ba fún wọn.

Nígbà àádọ́ta ni mo tẹ fèrè nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́. N kò mọ iye ìgbà tí mo ti gbọ́ halelúyà yẹn.

Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n fún mi ní pátákó kan tí wọ́n kọ "Olóòótọ́ Òṣìṣẹ́" sí. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo ti fi hámà náà ránṣẹ́ sí ọmọ Bàbá Oníhámà. Ó kọ lẹ́tà pé kí ló dé, n kò dá a lóhùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Èmi kò fẹ́ dúró kó wá bá mi. Mo fẹ́ jáde lọ pàdé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, iṣẹ́ yìí dára. Bí ẹ bá fẹ́ràn láti mọ ìdí tí nǹkan fi ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ́ ọ, ẹ ò ní kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìmọ̀ ló ń gbani là. Mo ní ìmọ̀. Ọ̀gá mi kò mọ ìdajì ohun tí mo mọ̀ nípa táyà, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn.

Àwọn táyà mẹ́rin náà ṣì wà lẹ́yìn ilé mi. Mo bọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ tí Tóyìn wà ní ọsibítù, n kò sì tún wọ̀ wọ́n sí ọkọ̀ kankan mọ́. Lánàá ni mo lọ ka nọ́mbà wọn. Ìlà ojú wọn ṣì jìn, orí ìṣáná ṣì ń wọlé tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Wọ́n ti darúgbó lórí ìdúró. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé wọn wá fún ìyẹ̀wò lónìí, mo á dá a padà.

Tóyìn, ìwọ ni o ó kọ́kọ́ ka èyí, nítorí ìwọ ni o ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀la ni mo ń gbé e bọ̀ ní Ajílẹ́tẹ̀ fúnra mi, n kò ní fi rán ẹnikẹ́ni. Mo á jókòó sí iwájú rẹ títí o ó fi kà á tán. Bàbá rẹ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó léwu, mo sì dá a lóhùn pé kò léwu. Kò jẹ̀bi ohun kankan. Bí o bá ní o kò lè tẹ̀ ẹ́, mo á gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ ẹ́, má yọ ibi kankan kúrò. Ìwọ lo ní kí n kọ gbogbo rẹ̀.